Kí ni “poner” gan-an? Ìtumọ̀ rẹ̀ pọ̀ ju “fi sí” lọ

Ọmọ_Ẹ̀kọ́ béèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà èdè. Ọ̀rọ̀-ìṣe Sípéènì kan, poner, ló gbé mi wá. Ìwé atúmọ̀ ní “fi sí” tàbí “gbé kalẹ̀” ni, ó sì parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtumọ̀ yẹn kò bá gbólóhùn mẹ́fà yìí mu rárá:

1. Pon la mesa, por favor.
2. Marta se puso roja.
3. ¿Qué pone en ese cartel?
4. Se puso a llover.
5. La gallina no pone.
6. ¿Qué le pongo?

Kí ni mo ń ṣì gbọ́? Ìbéèrè kejì: kí ló dé tí ọ̀rọ̀ kan náà fi ń di pongo, puse, pondré, puesto? Ṣé ìlànà wà níbẹ̀, àbí àkọ́sórí lásán ni?

Atúmọ̀ fèsì:

Kọ́kọ́ gba ìtumọ̀ wọn ná. (1) Jọ̀ọ́, to àwo, ṣíbí àti ife sórí tábìlì fún oúnjẹ. Kò sẹ́ni tó ní kó o gbé tábìlì lọ síbì kankan. (2) Ojú Marta pọ́n, ìtìjú ni o, ìbínú ni o. (3) Kí ni wọ́n kọ sára pátákó yẹn? (4) Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. (5) Adìẹ náà kì í yé ẹyin. (6) Kí ni kí n fún yín? Ẹni tó ń tajà ló ń bi oníbàárà bẹ́ẹ̀.

Ohun tó ń dà ọ́ láàmú ni pé o ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá kan ṣoṣo tí yóò dúró fún poner níbi gbogbo. Kò sí i. Wo “dá” tiwa: a ń dá owó, a ń dá ẹjọ́, a ń dá iná, a ń dá oko, a ń dá ọjọ́. Àbọ̀ tó tẹ̀ lé e ló ń sọ èyí tí à ń wí. Bí poner náà ṣe rí nìyẹn. Má tú u títí o ó fi rí ohun tó tẹ̀ lé e.

Bó o bá rí nǹkan àti ibi, bíi “pon el libro en la silla”, fi sí tàbí gbé lé ni. Bó o bá rí nǹkan láìsí ibi, wo irú nǹkan náà: mesa (tábìlì), huevo (ẹyin), radio (rédíò), multa (owó ìtanràn), nombre (orúkọ), oníkálukú ló ní ìtumọ̀ tirẹ̀. Bí me, te, se, nos tàbí os bá wà pẹ̀lú rẹ̀, tí ọ̀rọ̀ àpèjúwe sì tẹ̀ lé e, ẹnì kan tàbí nǹkan kan ti yí ipò padà nìyẹn. Bó bá sì jẹ́ “a” àti ọ̀rọ̀-ìṣe mìíràn ló tẹ̀ lé e, iṣẹ́ kan ló bẹ̀rẹ̀: “se puso a llorar”, ó bú sẹ́kún, “se pusieron a trabajar”, wọ́n kojú mọ́ṣẹ́.

Gírámà_Gidi fèsì:

Mo gba ìbéèrè kejì. Ìlànà wà níbẹ̀. Ibi márùn-ún péré ni poner ti yà kúrò lójú ọ̀nà, ìyókù ń lọ bíi ti comer (jẹun).

Lákọ̀ọ́kọ́, g. Nínú ohun tó ń ṣẹlẹ̀ báyìí tàbí tó máa ń ṣẹlẹ̀, “èmi” nìkan ló ń gbà á: pongo, lẹ́yìn náà pones, pone, ponemos, ponéis, ponen. Ṣùgbọ́n g kan náà wọ gbogbo ìdílé ponga pátápátá: ponga, pongas, ponga, pongamos, pongáis, pongan. Ìdílé yìí là ń lò lẹ́yìn “quiero que” àti “para que”, òun náà la fi ń pàṣẹ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ fún usted (“ẹ” ti ọ̀wọ̀). Bó o bá ti mọ tengo, vengo, salgo àti valgo, ojú ti mọ èyí.

Lẹ́yìn náà, ohun tó ti ṣẹlẹ̀ tó sì ti parí: puse, pusiste, puso, pusimos, pusisteis, pusieron. Ibí ni àṣìṣe pọ̀ sí jù. Hablé àti habló ní àmì lórí fáwẹ̀lì ìparí, puse àti puso kò ní. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí fún àwa ọmọ Yorùbá dáadáa: àmì Sípéènì kì í ṣe àmì ohùn bíi tiwa. Sílébù tí ẹnu ti tẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ jù ló ń tọ́ka sí. Ní habló, ìparí ni ẹnu ń tẹ̀. Ní puso, “pu” ni. Ẹni tó bá kọ “pusó” ti gbé ìtẹ̀mọ́ náà síbi tí kì í ṣe tirẹ̀. Ẹ tún ṣọ́ra fún “pusistes” tó ní s nídìí. Ẹ ó gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tí wọ́n bí sínú èdè náà, àmọ́ kì í ṣe ohun tó yẹ ká kọ sílẹ̀. Pusieron sì gbọ́dọ̀ ní i. Àwọn bíi dijeron, trajeron àti condujeron ló ń sọ i nù nítorí j tó wà nínú wọn. Yọ -ron kúrò lára pusieron, fi -ra sí i, o ti ní pusiera.

Fún ọjọ́ iwájú: pondré, pondrás, pondrá, pondremos, pondréis, pondrán, àti pondría fún “ì bá”. Níbo ni d ti wá? “Poneré” ni ì bá jẹ́, ṣùgbọ́n e ti bọ́, n àti r wá ń fara kanra. Pe “ponré” kíákíá lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Bí ahọ́n ṣe ń kúrò ní n lọ sí r, d á yọ láàárín wọn fúnra rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún tendré, vendré, saldré, valdré. Podré ti poder yàtọ̀, òun ti ní d tirẹ̀ látilẹ̀, e nìkan ló sọ nù. Nítorí náà podrá ni “yóò lè”, pondrá ni “yóò fi sí”. Lẹ́tà kan ló là wọ́n. Bẹ́ẹ̀ náà ni pudo àti puso.

Ìkẹrin ni puesto. Kò sí “ponido” láyé. Ponere ni ìyá rẹ̀ ní èdè Látìnì, positus sì ni ẹ̀yà tó bí puesto. O inú positus ló di ue. Lẹ́yìn haber kì í yí padà: “he puesto la mesa”. Lẹ́yìn estar tàbí tener, ó ń bá ọ̀rọ̀-orúkọ mu: “la mesa está puesta”, “tengo puesta la chaqueta”.

Ponía àti poniendo kò ṣe wàhálà kankan. Ìkarùn-ún ni àṣẹ fún tú (ìwọ): pon ni, kì í ṣe “pone”. Fún vosotros (ẹ̀yin), poned ni. Ní Ajẹntínà àti Uruguay tí wọ́n ti ń lo vos dípò tú, poné ni, ponés sì ni ti ojoojúmọ́.

Ẹ̀là_Ọ̀rọ̀ fèsì:

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí “fi sí”, torí ibẹ̀ gan-an ni akẹ́kọ̀ọ́ ti ń lo poner láṣejù. Yorùbá tiwa kì í fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo gbé nǹkan síbì kan, Sípéènì náà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Wò ó:

Gbé ife sórí tábìlì: poner el vaso en la mesa.
Ki ọwọ́ bọ àpò: meter la mano en el bolsillo.
Da epo sínú ọkọ̀: echar gasolina al coche.
To ìwé sórí pẹpẹ: colocar los libros en el estante.
Fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ síbì kan: dejar las llaves.

Ohun tó la poner àti meter ni “inú”. Bí nǹkan bá ń wọ inú ohun tó ní ẹnu tàbí ògiri, ìyẹn àpò, àpótí, dúrọ́ọ̀, ihò, meter ni kó kọ́kọ́ wá sọ́kàn rẹ. “Poner la mano en el bolsillo” máa dà bíi pé orí àpò níta lọwọ́ náà wà. Colocar ní ìtọ́jú nínú: o wo àyè, o tò ó kó gún. Poner kò bìkítà bóyá ó gún tàbí kò gún, ìdí nìyẹn tó fi lè rọ́pò colocar níbi púpọ̀, tí meter kò sì jọ bẹ́ẹ̀.

Ọmọ_Ẹ̀kọ́ fèsì:

Ẹ ṣé gan-an ni. Ẹ bá mi wo mẹ́rin yìí:

a) Puse la sal en la sopa.
b) Mi primo se puso médico.
c) Ayer me poní mi abrigo.
d) La película me puso triste.

Atúmọ̀ fèsì:

(a) Gírámà rẹ̀ tọ́, àmọ́ kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn. “Le eché sal a la sopa” tàbí “le puse sal a la sopa”. Yọ “la” kúrò níwájú sal: iyọ̀ díẹ̀ lo bù sí i, kì í ṣe iyọ̀ kan pàtó tí a ti ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bọ̀.

(b) Kò tọ́. “Se hizo médico.” Ponerse, ìyẹn poner tó ní me, te tàbí se, kì í gba iṣẹ́ ọwọ́ ẹni lọ́nà yìí. Ẹlòmíì nínú yín á ṣàlàyé rẹ̀.

(c) Àṣìṣe méjì. Puse ni, kì í ṣe “poní”. Lẹ́yìn náà, “el abrigo”, kì í ṣe “mi abrigo”. Me tó wà níwájú ti sọ ẹni tó ni ín.

(d) Ó dára pátápátá, ṣùgbọ́n mọ ohun tó o kọ. Me ibí yìí kì í ṣe ti ponerse, àbọ̀ ni. Fíìmù ni olùwà: fíìmù náà bà mí nínú jẹ́. Bó o bá ní “me puse triste”, inú rẹ bàjẹ́ lo sọ, o kò tíì sọ ohun tó bà á jẹ́.

Ìjìnlẹ̀ fèsì:

Jẹ́ kí n gba (b), torí pé “di” ti Yorùbá ló ń tàn wá. Ó di dókítà, ó di wèrè, ó di afọ́jú, ó di olówó: di, di, di. Sípéènì pín in sí ọ̀nà púpọ̀, kò sì jẹ́ kí wọ́n dàpọ̀ mọ́ra.

Hacerse jẹ́ ti ìyípadà tí èèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ wá, tàbí tí ọjọ́ ń mú bọ̀ díẹ̀díẹ̀: hacerse médico, hacerse rico, hacerse budista, hacerse viejo. Ilẹ̀ tó ń ṣú náà wà níbẹ̀: se hizo de noche.

Volverse, ìwà tàbí orí ló yí, tí kò sì dà bíi pé yóò padà bọ̀ sípò: se volvió loco, orí rẹ̀ dàrú, se volvió desconfiado, kò gbẹ́kẹ̀ lé ẹnikẹ́ni mọ́.

Quedarse, ohun tí ìṣẹ̀lẹ̀ kan fi sílẹ̀ síni lára tàbí síni láyé: se quedó ciego, se quedó viuda, se quedó sin trabajo. Oyún náà níbẹ̀ ló wà: se quedó embarazada. Ní ọ̀pọ̀ ibi ní Látìn Amẹ́ríkà, quedó embarazada ni wọ́n ń sọ, láìsí se.

Convertirse en wà fún ohun tó di ohun mìíràn: el agua se convirtió en vapor.

Ponerse wá jẹ́ ti ìmọ̀lára, ara àti àwọ̀ ojú, ohun tó kàn déédéé dé síni fún ìgbà díẹ̀: se puso nervioso, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀, se puso pálida, ojú rẹ̀ funfun, se puso enferma, àìsàn mú un, se pusieron contentos, inú wọn dùn. Ẹ kíyè sí i pé ọ̀rọ̀ àpèjúwe ń bá ẹni náà mu: rojo, roja, rojos, rojas. Ẹ tún wò ó bí Yorùbá ṣe ń sọ wọ́n: ojú ló ń pọ́n, inú ló ń bàjẹ́, ọkàn ni kì í balẹ̀. Sípéènì kò dárúkọ ojú tàbí inú, odidi èèyàn ló “se puso”. Ẹni tó bá tú Yorùbá wọ̀ ọ́ tààràtà á kọ “su cara se puso roja”. Òye rẹ̀ á yé wọn, àmọ́ “se puso roja” ti tó.

Gírámà_Gidi fèsì:

@Ìjìnlẹ̀, mo fara mọ́ gbogbo rẹ̀ àfi “fún ìgbà díẹ̀”. “¡Qué alto se ha puesto el niño!” jẹ́ ohun tí wọ́n ń sọ lójoojúmọ́, ọmọ náà kò sì ní padà kúrú. “Se puso gordo” náà lè pẹ́ lára èèyàn fún ọdún mẹ́wàá. Ìgbà kọ́ ni ponerse ń wò. Ohun tó ń wò ni ipò tí ojú rí tàbí tí ara mọ̀, ní ìfiwéra pẹ̀lú bó ṣe rí tẹ́lẹ̀.

Ìjìnlẹ̀ fèsì:

Òótọ́ ni, ẹ tún mi ṣe. Ẹni tó bá fi “ìgbà díẹ̀” ṣe òfin á ṣìnà níbi alto. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ báyìí: ohun tí ojú lè rí tàbí tí ara lè mọ̀, ponerse, ohun tó ti di ìwà, volverse, ohun tí a di láàárín àwùjọ, hacerse.

Aṣọ_Ńlá fèsì:

Lórí aṣọ, ìrọ̀rùn ńlá wà níbẹ̀ fún wa. Yorùbá ń wọ ẹ̀wù, ó ń dé fìlà, ó ń wé gèlè, ó ń ró ìró, ó ń fi òrùka sọ́wọ́. Ponerse ló ń ṣe gbogbo rẹ̀: ponerse la camisa, ponerse el sombrero, ponerse el anillo, ponerse las gafas. Quitarse la fi ń bọ́ wọn tàbí ṣí wọn. Ibi tó ti ń dojú rú ni ìgbà tí aṣọ ti wà lọ́rùn. Ponerse ni iṣẹ́ wíwọ̀ náà, ó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó sì parí. Bí o bá ń ṣàpèjúwe ẹnì kan tó dúró síwájú rẹ, llevar ni: “lleva un abrigo negro” tàbí “lleva puesto un abrigo negro”. “Se pone un abrigo negro” túmọ̀ sí pé ó ń wọ̀ ọ́ lọ́wọ́, tàbí pé ó máa ń wọ̀ ọ́.

Nǹkan kan tún wà tó wù mí. Oòrùn ń wọ̀ lọ́dọ̀ wa, oòrùn “se pone” lọ́dọ̀ wọn. Ìwọ̀-oòrùn tiwa ni poniente tiwọn, láti ara poner. Èdè méjì tí wọn kò bá ara tan, wọ́n sì gba ọ̀nà kan náà sọ orúkọ apá kan ayé. Puesta de sol ni wọ́n ń pe ìgbà tí oòrùn ń wọ̀.

Ẹnu_Ọ̀nà fèsì:

Ìbéèrè kékeré lórí nọ́ńbà 3. Ṣé “¿qué pone?” kì í ṣe àṣìṣe? “¿Qué dice?” làwọn ará Mẹ́síkò ń sọ.

Atúmọ̀ fèsì:

Kì í ṣe àṣìṣe ní Sípéènì. Níbẹ̀, “aquí pone que está cerrado” wọ́pọ̀ lẹ́nu gbogbo ènìyàn. Ní Mẹ́síkò, Kòlóńbíà àti púpọ̀ nínú Látìn Amẹ́ríkà, “aquí dice que está cerrado” ni. Dice yé ará Sípéènì láìsí ìṣòro. Nítorí náà, ẹni tí kò tíì mọ ibi tí yóò ti lo èdè náà, kó di dice mú. Nínú ìwé tó bá jẹ́ ti àṣẹ tàbí ti iṣẹ́, ẹ fi méjèèjì sílẹ̀, ẹ kọ “figura” tàbí “está escrito”.

Àwọn mìíràn tó ń yí bí ilẹ̀ bá ti yí: ní Sípéènì, “¿qué ponen en la tele?” ni “kí ni wọ́n ń ṣe lórí tẹlifíṣọ̀n?”, lódìkejì òkun, pasar tàbí dar ni ẹ ó máa gbọ́. Poner la radio jẹ́ kéèyàn tan rédíò, àmọ́ prender ló wọ́pọ̀ jù ní Látìn Amẹ́ríkà. Lọ́nà kejì, poner atención jẹ́ tiwọn níbẹ̀, prestar atención sì ni ará Sípéènì yóò sọ. Nọ́ńbà 6 rẹ jẹ́ ti Sípéènì pátápátá: ẹni tó wà lẹ́yìn káńtà á ní “¿qué le pongo?”, oníbàárà á ní “póngame medio kilo de tomates”. Lórí tẹlifóònù Sípéènì náà, “¿se puede poner Marta?” túmọ̀ sí pé kí wọ́n pe Marta wá sórí fóònù. “Ahora se pone” sì ni ìdáhùn: ó ń bọ̀ wá gbà á.

Níwọ̀n bí a ti wà lórí Sípéènì, ìkìlọ̀ kan. “Me pone nervioso”, “me pone de mal humor”, kò sí láburú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n “me pone”, láìsí ohunkóhun lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ara ni. Bó o bá fẹ́ sọ pé nǹkan ń bí ọ nínú, má gbàgbé ọ̀rọ̀ àpèjúwe náà.

Gírámà_Gidi fèsì:

Àmì orí àṣẹ kò tíì jáde, ó sì yẹ kó jáde, torí ibẹ̀ ni ìwé ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń pọ́n fún yíǹkì olùkọ́.

Pon jẹ́ sílébù kan, kò gba àmì. Ponte, ponlo, ponme náà kò gbà á, torí sílébù tó ṣáájú ìparí ni ẹnu tẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì parí sí fáwẹ̀lì. Nígbà tí sílébù bá di mẹ́ta tí ẹnu ṣì ń tẹ̀ ti àkọ́kọ́, àmì di dandan: póntelo, pónmelo, póngase, póngame. Ti àwọn ọmọ rẹ̀, ìyẹn àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe tó parí sí -poner, yàtọ̀: supón, propón, compón gba àmì torí pé ìparí ni ẹnu tẹ̀ tí n sì parí wọn. So “lo” mọ́ propón, àmì á bọ́: proponlo. 

Lẹ́tà méjì tún ń sọ nù. Poned pẹ̀lú os di poneos, d kúrò. Pongamos pẹ̀lú nos di pongámonos, s kúrò. Ẹ má kọ “pongámosnos”.

Ẹ̀là_Ọ̀rọ̀ fèsì:

Ó dáa tó o dárúkọ àwọn ọmọ. Gbogbo ọ̀rọ̀-ìṣe tó bá parí sí -poner ń yí bíi ti ìyá wọn, láìyọ ọ̀kan sílẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá mọ puse ti mọ supuse (mo gbà pé bẹ́ẹ̀ ni), propuse (mo dábàá), compuse (mo kọ orin), impuse (mo fi dandan lé e), me opuse (mo takò ó), pospuse (mo sún un síwájú), expuse (mo ṣàlàyé rẹ̀, mo gbé e síta). Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni “suponió” àti “proponieron”: orí gbàgbé pé poner wà nínú wọn. Posponer ni kí ẹ kọ, kò sí t láàárín.

Reponer ní àrà kan tó yẹ kí ẹ mọ̀ bí ẹ bá ń ka ìtàn. Ó túmọ̀ sí kéèyàn dá nǹkan padà sí àyè rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí “—No —repuso ella” nínú ìtàn, “ó fèsì” ni. Repuse àti repuso la máa ń bá pàdé bẹ́ẹ̀ jù. Ẹ kò ní rí i kí ẹnì kan lo “repone” fún fífèsì.

Puesto náà ti bí ọ̀rọ̀-orúkọ tiẹ̀: puesto (ipò iṣẹ́, tàbí ìsọ̀ ọjà), impuesto (owó orí), presupuesto (ètò ìnáwó), repuesto (ẹ̀yà tí a fi ń pààrọ̀ èyí tó bàjẹ́ lára ẹ̀rọ). “Puesto que” ni “níwọ̀n bí”, “por supuesto” ni “dájúdájú”, “dispuesto a” ni “ó ṣe tán láti”.

Ìjìnlẹ̀ fèsì:

Àkànlò díẹ̀, àwọn tí ẹ ó bá pàdé ní tòótọ́. Ponerse de acuerdo: fẹnu kò. Ponerse de pie: dìde dúró. Poner una inyección: gún abẹ́rẹ́. Poner una multa: bu owó ìtanràn lé. “Le pusieron Lucía”: wọ́n sọ ọmọ náà ní Lucía. Poner verde a alguien: bẹnu àtẹ́ lu ẹnì kan, kò kan àwọ̀ ewé rárá. Poner el grito en el cielo: fi igbe bọnu. Ponerse las pilas: jára mọ́ nǹkan. Poner la mano en el fuego por alguien: fọwọ́ sọ̀yà fún ẹnì kan, ọwọ́ wà nínú àwọn méjèèjì.

Ponerse las botas ni kí ẹ ṣọ́ jù. Ó lè jẹ́ pé ó wọ bàtà alọ́rùn gígùn lóòótọ́, ó sì lè jẹ́ pé ó jẹun yó bámúbámú. Bí oúnjẹ bá wà nínú gbólóhùn náà, oúnjẹ ni.

Ọmọ_Ẹ̀kọ́ fèsì:

Ojú mi ti là. Mo kọ ọ̀kan tó ní ponerse mẹ́ta: “Cuando se pondrá el sol, ponte el abrigo y nos ponemos en camino.” Ohun tí mo fẹ́ sọ ni: bí oòrùn bá wọ̀, wọ kóòtù, ká sì gbéra. Ṣé mo gbà á?

Gírámà_Gidi fèsì:

Ponte el abrigo tọ́, “nos ponemos en camino” náà tọ́. Àkọ́kọ́ ni kò tọ́. Oòrùn kò tíì wọ̀, ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn cuando sì ń gba ìdílé ponga: “Cuando se ponga el sol”. Pondrá ní àyè tirẹ̀, níbi tí cuándo bá ti gba àmì tó sì di ìbéèrè: “¿Cuándo se pondrá el sol?” Bí oòrùn bá sì ti wọ̀ tán, “cuando se puso el sol” ni.